Ta ni ká dá lẹ́kun lọ́jà? Epo Dangote, àwo DStv àti ẹ̀tọ́ oníbàárà láti yàn

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nínú oṣù kan náà tí epo bẹntiróòlù àkọ́kọ́ jáde láti ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ilé iṣẹ́ náà gba ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá lọ. Ó pe NNPC lẹ́jọ́, ó pe NMDPRA tó jẹ́ àjọ tó ń mójútó títa epo, ó sì pe ilé iṣẹ́ alágbàtà epo márùn-ún, lára wọn AYM Shafa, A.A. Rano àti Matrix. Ohun tó ń bẹ adájọ́ fún ni pé kó fagi lé ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń kó epo wọlé láti òkè òkun. Àlàyé rẹ̀ ni pé òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 kò fàyè gba ìkówọlé àfi tí èyí tí a ń fọ̀ nílé kò bá tó. Àwọn alágbàtà fèsì pé bí ilé ẹjọ́ bá lọ gbà fún un, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa ta epo fún gbogbo Nàìjíríà, iye tó bá sì wù ú ni yóò máa tà á. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Dangote fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Ẹjọ́ parí, ọ̀rọ̀ ò tíì parí.

Tọ̀tún tòsì wọn ló ń sọ pé ìjà aráàlú làwọn ń jà. Dangote ní àwọn tó ń kó epo wọlé ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, wọ́n sì ń kó dọ́là jáde nílùú. Àwọn alágbàtà ní epo òkè òkun nìkan ló lè mú kí Dangote máa tà níye tó bójú mu. Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dàrú mọ́ èèyàn lójú.

Ní tèmi, bí oníṣòwò ṣe tóbi tó kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká wò. Bí ọjà rẹ̀ ò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ṣé mo lè kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀ kí n lọ rà níbòmíràn? Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ wá ta irú ọjà kan náà, ṣé ọ̀nà wà fún un láti wọlé? Níbi tí ìdáhùn méjèèjì bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ìjọba fi oníṣòwò sílẹ̀ kó máa ṣòwò rẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó. Níbi tí ẹnì kan bá ti di ọ̀nà yẹn, ibẹ̀ ni kí òfin ti wọ̀ ọ́. Ó sì yẹ ká sọ ọ́ láìfi bò pé lọ́pọ̀ ìgbà nílẹ̀ wa, ìjọba fúnra rẹ̀ ló di ọ̀nà náà.

Ẹ wo epo náà wò. Fún ọdún bíi mélòó kan kí Dangote tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta bẹntiróòlù, NNPC ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ń kó o wọlé. Iye tí ìjọba ní kí wọ́n máa ta lítà kan kéré sí iye tí wọ́n ń rà á lókè òkun, dọ́là sì ṣọ̀wọ́n. Kò sí oníṣòwò tí yóò fi owó ara rẹ̀ kó ọjà tó mọ̀ pé àdánù ni yóò bá bọ̀. Ilé ìfọpo ìjọba mẹ́rin, méjì ní Port Harcourt, ọ̀kan ní Warri, ọ̀kan ní Kaduna, tó yẹ kí wọ́n jọ máa fọ àgbá 445,000 lójúmọ́, dákẹ́ fọ́hùn. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà tí kò tó 200 náírà di nǹkan bíi 500, ó sì kọjá 600 kí oṣù Keje tó parí. Nígbà tí ọdún 2024 ń lọ sópin, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 l'Ékòó, ó sì kọjá bẹ́ẹ̀ lókè ọya. Kódà nígbà tí epo Dangote kọ́kọ́ jáde, NNPC nìkan ni wọ́n ní kó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n tó gba àwọn alágbàtà láàyè láti lọ bá ilé ìfọpo náà dúnàá-dúrà fúnra wọn.

Lẹ́yìn náà ni ìyípadà dé. Nínú oṣù Kejì ọdún 2025 nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì ni Dangote já iye tó ń tà fún alágbàtà wálẹ̀, láti 950 sí 890, láti 890 sí 825. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, ó ti já a sí 699. Aráàlú yọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yọ̀. Epo rọ̀bì náà ń wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ọkọ̀ ojú omi tó gbé epo wá láti òkè òkun ṣì ń gúnlẹ̀ ní Àpápá. Ẹni tó bá mọ̀ pé oníbàárà òun lè yà sí ìsọ̀ kejì kì í fi owó gun orí igi.

Òfin tó ń darí irú ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà ni òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Òun ló dá àjọ FCCPC sílẹ̀ dípò àjọ CPC àtijọ́. Àwọn tó ń pariwo pé “ó ti tóbi jù” ì bá ka òfin náà dáadáa, torí kò sọ níbì kankan pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn tóbi. Ohun tó kà léèwọ̀ ni kí ẹni tí agbára ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lò ó nílòkulò: kó máa ta ọjà lówó gegere, kó sọ fún àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kó ní ẹni tó bá fẹ́ ra èyí gbọ́dọ̀ ra tọ̀hún mọ́ ọn, kó máa tà níye tí kò tó owó tó ná láti lè pa olùfigagbága rẹ̀, tàbí kó di ohun èlò tí kò sí irú rẹ̀ mú kó má jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó. Ẹni tó bá jẹ̀bi lè san tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé fún un lọ́dún.

FCCPC ti lo òfin yìí fún ẹni tó ju Dangote lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ó bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta tó ni WhatsApp lórí nítorí bí WhatsApp ṣe ń kó ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà láìjẹ́ pé wọ́n yọ̀ǹda fún un. Meta pẹjọ́, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdíje sì dá FCCPC láre ní oṣù Kẹrin ọdún 2025. Ọ̀fẹ́ ni WhatsApp, nítorí náà ẹjọ́ yẹn kò kan iye owó rárá. Ó dá lórí pé èèyàn ò lè kúrò níbẹ̀: ìyá rẹ wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ wà níbẹ̀, oníbàárà rẹ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé o ò níbi tí wàá lọ lè fi ohunkóhun sínú àdéhùn kó ní kó o tẹ “mo gbà”.

Nílẹ̀ Yorùbá, a ti gbé abẹ́ ẹni tó ń dá rà rí, ìyẹn sì le ju ti ẹni tó ń dá tà lọ. Ní 1947, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó sílẹ̀. Ní 1954 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Àgbẹ̀ tó gbin kòkó ní Oǹdó tàbí Ìkirè kò ní ẹ̀tọ́ láti wá oníbàárà tirẹ̀. Aṣojú tó gba ìwé àṣẹ ló ń rà á, iye tí ìgbìmọ̀ bá dá níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ló sì ń san. Lọ́pọ̀ ọdún, iye yẹn kéré gan-an sí èyí tí kòkó ń mú wá lókè òkun. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì wà lára owó tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ó sì wà lára owó tó gbé Cocoa House dúró ní Dùgbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn dára, ọ̀pọ̀ nínú wa kò bá máà mọ̀wé bí kì í bá ṣe òun. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló san owó rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, owó orí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ láti san, iye kòkó tó kéré jù sì wà nínú ẹ̀hónú wọn pẹ̀lú. Àwọn mìíràn ò duro jà. Wọ́n fi fàyàwọ́ gbé kòkó wọn gba ẹnubodè lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ń pè ní Dahomey nígbà náà, níbi tí ẹni tó máa san owó gidi wà.

Ní 1986, ìjọba Babangida tú ìgbìmọ̀ náà ká. Owó tó ń bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ fò sókè. Àmọ́ ìgbìmọ̀ kan náà ló ń rí sí i pé wọ́n yẹ kòkó wò kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó lọ, ìyẹn náà ń rọ lẹ́yìn rẹ̀, kòkó tí kò gbẹ dénú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò, orúkọ kòkó wa sì rẹlẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Mo mú èyí wá torí àwọn kan wà tí wọ́n gbà pé bí ìjọba bá ṣáà ti kúrò lọ́jà, gbogbo nǹkan á tò fúnra rẹ̀. Ọjà tó wà lómìnira nílò adájọ́ tó ń wo òṣùwọ̀n. Ohun tí kò nílò ni adájọ́ tó tún ń tajà.

Àpẹẹrẹ tó dùn mí nínú jù ni ti fóònù. Nígbà ayé NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù èèyàn ń pín nǹkan bíi 400,000 ìlà fóònù lò. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan lè dúró fún ọdún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, NCC, àjọ tó ń mójútó ìbánisọ̀rọ̀, ta ìwé àṣẹ GSM ní 285 mílíọ̀nù dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, Econet àti MTN sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà. Ayọ̀ wa pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Bó o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, owó ìṣẹ́jú kan gbáko lo san, 50 náírà. Ní 2003 ni Glo dé, ó ní iye ìṣẹ́jú àáyá tó o bá lò ni òun ó gbà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ tẹ̀lé e. Káàdì SIM tí wọ́n ń tà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà di ohun tí àwọn ọmọdébìnrin ń pín kiri lábẹ́ agboòrùn létí títì. Kò sí òfin kankan tó pa á láṣẹ. Ẹnì kẹta wọlé ni.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, NCC ṣe ohun méjì tí mo kà sí iṣẹ́ ìmójútó tó dára jù lọ tí a tíì rí nílẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, ó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé nọ́ńbà wa lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn. Nọ́ńbà tó wà lára pátákó ìsọ̀ rẹ kì í ṣe okùn tí wọ́n fi so ọ́ mọ́lẹ̀ mọ́. Lọ́dún kan náà, ó kéde pé MTN ní agbára jù nínú ọjà ìpè, ó sì ní kó má ṣe mú kí ìpè láti MTN sí MTN dínwó ju ìpè lọ síbòmíràn lọ. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí pípe ẹni tó wà lórí MTN bá dínwó fún ẹni tó wà lórí MTN nìkan, tí ìdajì ìlú sì wà níbẹ̀, kò sí bí ilé iṣẹ́ kékeré ṣe lè fa oníbàárà mọ́ra, kódà bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dáa jù. NCC kò bá MTN wí pé ó tóbi, ó mú ọ̀pá tó fi ń dènà kúrò.

Síbẹ̀, ọjà yẹn ti ń fún padà. MTN nìkan ló ní ju ìdajì àwọn tó ń lo fóònù lọ. Tí a bá ro Airtel mọ́ ọn, ó ju ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ. 9mobile tó jẹ́ ẹnì kẹrin rù kan eegun, ó sì yí orúkọ padà sí T2 ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Nígbà tí NCC gbà ní oṣù Kìíní ọdún 2025 kí àwọn ilé iṣẹ́ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, ibi tí èèyàn lè sá sí kéré gan-an.

Ọ̀rọ̀ DStv ni àwọn èèyàn máa ń mú wá jù tí wọ́n bá fẹ́ kí ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ iye owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2025, MultiChoice tó ni DStv gbé owó ìpele Compact láti 15,700 sí 19,000 náírà, ó gbé Premium láti 37,000 sí 44,500, bẹ́ẹ̀ FCCPC ti ní kó dúró ná. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, Adájọ́ James Omotosho ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá da ẹjọ́ MultiChoice nù, torí pé irú ẹjọ́ kan náà ti wà níwájú ilé ẹjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ó tún sọ ohun kan tó wúwo: FCCPC kò ní agbára láti dá iye tí ẹnikẹ́ni máa ta ọjà rẹ̀. Ààrẹ nìkan ni òfin fún ní agbára yẹn, ọ̀nà tí òfin là kalẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ tọ̀.

Inú ọ̀pọ̀ èèyàn ò dùn sí ìdájọ́ yẹn. Èmi fara mọ́ ọn. Bí àjọ kan bá lè dá iye DStv lónìí, á dá ti búrẹ́dì lọ́la, á dá ti pákó lọ́túnla, ohun tí a sì rí nígbà ayé àwọn ológun ni pé ọjà tí ìjọba bá dá iye lé máa ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sápamọ́ ni. Àìsàn tó wà nínú ọjà tẹlifíṣọ̀n yàtọ̀ sí iye owó. Bọ́ọ̀lù ni. Ní 2007, HiTV tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà gba ẹ̀tọ́ láti gbé líìgì Premier ti England jáde, ọ̀pọ̀ ilé sì gbé àwo HiTV sórí òrùlé wọn. Ní 2010, ẹ̀tọ́ náà padà sọ́wọ́ DStv. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí HiTV fi kógbá sílé. Kò sí fíìmù tàbí ìròyìn tó lè gba ilé iṣẹ́ tó bá ń bá ẹni tó ní bọ́ọ̀lù díje là. NBC, àjọ tó ń mójútó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, mọ èyí, ó sì gbìyànjú ní 2020 láti ṣòfin pé ẹni tó bá ra ẹ̀tọ́ irú ìdíje bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tà á fún àwọn yòókù, àmọ́ ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó fagi lé e lẹ́yìn náà. Ibẹ̀ ni ìjà yẹ kó wà: kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tó mọ́lẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń pín ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù. Oníbàárà ò tiẹ̀ dúró de ìjọba. Láàrin ọdún méjì tó parí ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan ní Nàìjíríà ló kọ̀yìn sí MultiChoice. Èèyàn lè gbé ayé láìwo bọ́ọ̀lù.

Èèyàn ò lè gbé ayé láìní iná, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná yàtọ̀. Kò sí ọgbọ́n nínú kí ilé iṣẹ́ méjì ri òpó méjì, kí wọ́n fa wáyà méjì sójú pópó kan ṣoṣo ní Agége. Ẹni tó bá ní òpó ló ni àdúgbò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 tí wọ́n ti pín iṣẹ́ PHCN, ilé iṣẹ́ iná ìjọba, fún ilé iṣẹ́ aládàáni, ẹni tó ń gbé lábẹ́ Ikeja Electric kò lè sọ pé Eko Disco ló wu òun. Níbi tí kò ti lè sí ẹnì kejì, ó di dandan kí àjọ ìjọba dá iye owó. NERC, àjọ tó ń mójútó iná, ló gbé owó Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, láti nǹkan bíi 68 náírà sí 225 lórí kílówáàtì wákàtí kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó sì tún dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ lè sọ pé ó wọ́n jù, mo gbà, ṣùgbọ́n ó kéré tán ẹnì kan wà tí a lè bi léèrè. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni kí àdúgbò dáwó ra tiransífọ́mà fúnra wọn, kí ilé iṣẹ́ iná wá gbà á, kó tún máa fi bílì àfojúbù ránṣẹ́ sí wọn. Ìyẹn ni kí ẹni tó ń dá tà sọ oníbàárà di ẹrú. Òfin iná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára láti máa mójútó iná tiwọn, Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn sì ti gbà á. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kí àjọ wọn ṣe ni kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn lè fi iná oòrùn tàbí ẹ̀rọ kékeré tajà fún àdúgbò láìsí pé ẹni tó ni òpó dí i lọ́wọ́.

Ká má sì rò pé ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló lè di ọjà pa. Bí àgbẹ̀ bá gbé tòmátì tàbí iṣu rẹ̀ ti oko dé, ọ̀pọ̀ ọjà wa ló wà tí kò ti lè tú u sílẹ̀ kó máa tà á fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ ni yóò sọ iye. Ẹni tó bá já iye wálẹ̀ nísọ̀ tirẹ̀, wọ́n á bu owó ìtanràn lé e, tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì wọ́n lè lé e kúrò lọ́jà. Mo mọ rírì àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Wọ́n ń bára wọn ṣìnkú, wọ́n ń dá àjọ, wọ́n ń parí ìjà kó tó dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n òfin 2018 sọ pé àdéhùn láàrin àwọn oníṣòwò láti dá iye kan ṣoṣo jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yọ ìyálọ́jà sílẹ̀. Túnjí Bello, ọ̀gá FCCPC, pe àwọn olórí ọjà jọ lọ́dún 2024, ó kìlọ̀ fún wọn lórí rẹ̀. Mi ò tíì rí ìjọba tó ní ìgboyà láti kọjá ìkìlọ̀.

Ká padà sórí epo, torí ibẹ̀ ni ewu wà báyìí. Ohun tí Dangote ń bẹ̀bẹ̀ fún ní 2024, a ti fún un rí nínú ọjà símẹ́ǹtì. Láti 2002 ni ìjọba Ọbásanjọ́ ti ní ẹni tó bá ń kọ́ ilé iṣẹ́ nílé nìkan ni òun ó gbà láàyè láti kó símẹ́ǹtì wọlé, títí ìkówọlé fi dópin. Ìlànà náà so èso: ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì Ìbèsè dìde ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ti Obajana dìde ní Kogí, Nàìjíríà sì di ẹni tó ń ta símẹ́ǹtì sókè òkun. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ mẹ́ta péré, Dangote, BUA àti Lafarge, ló di ọjà náà mú. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àpò símẹ́ǹtì fò kọjá 10,000 náírà láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìjọba pe àwọn ilé iṣẹ́ náà sí Ábújá, wọ́n jọ jókòó, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kó máa lọ ní 7,000 sí 8,000. Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọkọ̀ ojú omi kankan tó lè gbé símẹ́ǹtì mìíràn bọ̀, nítorí náà kò sí ohun mìíràn tí ìjọba lè ṣe.

Àwọn kan á ní Dangote ń dín owó epo kù, kí ni a tún ń wá? Ìtàn Standard Oil ti Rockefeller ní Amẹ́ríkà dáhùn ìyẹn. Kerosíìnì wálẹ̀ gidigidi nígbà tí ilé iṣẹ́ yẹn ń fọ nǹkan bí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún epo ilẹ̀ náà. Ohun tó mú kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pín in sí ilé iṣẹ́ 34 ní 1911 ni bó ṣe ń pa àwọn yòókù, títí kan àdéhùn ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú àwọn tó ni ọkọ̀ ojú irin, èyí tó mú kí gbígbé epo dínwó fún un kó sì wọ́n fún àwọn tó ń bá a díje. Ẹni tó ní ọ̀nà ló ní ọjà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ ká la ojú wa sílẹ̀ nígbà tí Dangote kéde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 pé òun ó fi ọkọ̀ agbépo 4,000 gbé epo lọ bá àwọn onílé epo láìgba owó ọkọ̀. Èyí mú kí NUPENG, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo, daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án lórí ẹ̀tọ́ àwọn awakọ̀ láti wọ ẹgbẹ́. Gbígbé epo lọ́fẹ̀ẹ́ fún ilé epo kò burú rárá. Yóò burú bí ilé epo tó bá gba ọ̀fẹ́ yẹn bá gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun ò ní rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. FCCPC lè béèrè fún àdéhùn wọ̀nyẹn kó kà wọ́n. Òfin fún un lágbára bẹ́ẹ̀, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ sunkún.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lórí bẹntiróòlù àti dísẹ́ẹ̀lì tó bá ń wọlé. Kí oṣù Kọkànlá tó dé ìdajì, NMDPRA ní àwọn ti pa á tì. Mo dúpẹ́ pé wọ́n pa á tì. Ilé ìfọpo tó ń fọ àgbá 650,000 lójúmọ́, tó wà létí òkun, tí kò san owó ọkọ̀ láti Yúróòpù, kò nílò kí ìjọba bá a di ọ̀nà. Ohun tó nílò ni epo rọ̀bì tí wọ́n bá ta fún un nílé, lásìkò, ní náírà, bí ìjọba ṣe ṣèlérí láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ìyẹn tọ́ sí i, kí wọ́n fún un. Kí wọ́n sì fún ilé ìfọpo kékeré tó bá dìde náà.

Ní Àpápá, ní Ìbàfọ̀n àti ní Kírìkírì, àwọn táńkì ńlá wà tí àwọn alágbàtà ń tú epo òkè òkun sí. Bí epo Dangote bá ń dínwó sí i, ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn má rí nǹkan tú síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi dandan mú oníbàárà láti ra ọjà tó wọ́n. Kí wọ́n má ṣe fagi lé ìwé àṣẹ wọn nítorí ìyẹn. Ìwé àṣẹ tí ẹnikẹ́ni ò lò lọ́dún yìí ni yóò mú kí ilé ìfọpo Lẹ́kí rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi owó lé epo lọ́dún tó ń bọ̀.